Òòfà Tó Ní Àwòrán Mi

Iṣẹ́ tí mo kọ́ kò lórúkọ tí èèyàn lè fi dá ìyá ọkọ lóhùn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ kí ìyá ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe ní yunifásítì òkè òkun tí mi ò fi tètè wálé. Mo ní mò ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin jẹ. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú ọkọ mi, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ yìí ti jẹun láàárọ̀?" Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, tíṣà ni mo máa ń pe ara mi, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Tíṣà náà sì ni mo padà jẹ́ ní Niamey, olú ìlú Niger. Àjọ kan tó ń gbẹ́ kànga ló gba ọkọ mi síṣẹ́ níbẹ̀, èmi náà sì di ẹrù mi tẹ̀lé e. A gbalé sí Bobiel, níbi tí iyanrìn ti máa ń ṣáájú àlejò wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń sọdá afárá lọ sí òdìkejì odò, lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú èdè Faransé tí mo kọ́ lórí fóònù. Ọmọlúwàbí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kọ àṣìṣe náà sínú ìwé wọn, wọ́n á sì dá a padà fún mi lọ́jọ́ ìdánwò.

Ọkọ mi ló kó bá mi. Ó ń lọ sí ìpàdé àwọn Yorùbá oníṣòwò, tí wọ́n máa ń ṣe ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní àdúgbò Maourey, lókè ṣọ́ọ̀bù alága wọn. Lọ́jọ́ kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pé dókítà ni ìyàwó òun. Ó ní òun fi kún un pé dókítà ti ìwé ni, pé kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Apá yẹn ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Alága náà jẹ́ Alhaji kan, ọmọ Ọ̀yọ́, aláṣọ, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nílùú náà. Ó ń fi Hausa ná ọjà, ó ń fi Zarma ṣàwàdà, ó ń fi Faransé bẹ aláṣẹ, ó sì ń fi Yorùbá bínú. Ọkọ mi ní ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é nínú ohun tí mò ń kọ yìí, nítorí ọjọ́ orí. Mo gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tí mo kà á padà, ó dà bíi pé Alhaji pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó sì tó.

Alhaji pè mí lórí fóònù. "Ìyàwó wa, àwọn èèyàn wa ń ṣàìsàn. Wá bá wa sọ̀rọ̀ ìlera ní Sunday."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń fẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ǹ bá sọ fún wọn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa rìn, kí n sì jẹ oúnjẹ wọn kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè nípa iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe, ojú rẹ̀ sì ń ro mí. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Alhaji. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò tíì gbọ́ rí."

Lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka àkọsílẹ̀ oṣù tó kọjá, wọ́n sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jiyàn lórí ta ló gbé àga ẹgbẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí kò dá a padà. Lẹ́yìn náà ni Alhaji dìde láti fi mí hàn. Ó ní mo kàwé ní ìlú mẹ́ta kan tí mi ò dé rí. Mi ò dá a dúró. Ọ̀kan nínú wọn wù mí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n bí ìpani mọ́. Apani àdámọ́ ni a lè pè wọ́n."

Bàbá kan ní ìlà iwájú nawọ́ sókè. "Apani? Nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi? Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì?"

"Wọn kì í pa ẹ̀yin, sà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń pa."

"Ta ló ń sọ fún wọn pé ó ti bàjẹ́?"

Ìbéèrè náà dára ju gbogbo èyí tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ tí mo gba oyè lọ. Ṣùgbọ́n ojú bàbá náà kò fi hàn pé ìdáhùn ló ń wá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ apani yìí fẹ́ da ìpàdé rú. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n pè wọ́n ní sójà, mo tún rántí pé sójà ló ń ṣèjọba ìlú tí mo wà, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ọlọ́dẹ."

Ara gbogbo èèyàn balẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ọlọ́dẹ ní Niamey, ọkùnrin tó ń jókòó sórí ẹní lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìkòkò tíì lórí èédú. Mo ní ọlọ́dẹ inú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti rí ẹni tí kò ní àmì onílé lára, ó ti kọlù ú nìyẹn. Ṣùgbọ́n àrùn jẹjẹrẹ gbọ́n. Ó máa ń po tíì tirẹ̀ fún ọlọ́dẹ, tíì tó ní oorun nínú, ọlọ́dẹ á sì sùn lọ.

"Olè!" ni àwọn obìnrin kan pariwo lẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwa wá ṣe èérún irin kan tó kéré gan-an. Bí ẹ bá la irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, èérún náà ṣì kéré ju ẹyọ kan nínú rẹ̀ lọ. A ó gba ọlọ́dẹ jáde lára aláìsàn, a ó fún un ní èérún irin yìí jẹ nínú ìgò, a ó sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó gbé òòfà sórí ibi tí jẹjẹrẹ wà. Òòfà á fa irin, irin á fa ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ á débi iṣẹ́ rẹ̀."

Bí mo ṣe dárúkọ òòfà, gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Ní tèmi, òòfà ni ohun tó ń fa ìṣó. Ní ti oníṣòwò tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ohun tó ń fa oníbàárà ni, tó ń fa ojú rere àna, tó ń fa gbogbo ohun tí èèyàn ń wá. Mo rí i tí Alhaji gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lára àga.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" ni ó bi mí.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ni mo wí, ni àtẹ́wọ́ bá gba gbogbo yàrá kan. Inú àtẹ́wọ́ náà ni mo ti parí gbólóhùn mi. Mo ní, "Nínú eku."

Mi ò tún un sọ. Ǹ bá ti tún un sọ. Àtẹ́wọ́ náà kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ohùn mi sì ròkè dáadáa nígbà tí mo bá fẹ́. Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì gbé àwo dígí kan fún mi tí wọ́n ṣi orúkọ mi kọ sí lára.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ mi ti ọjà dé pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Ẹ̀rín ń pa á débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ó bọ́ fìlà náà, ó yí inú rẹ̀ síta. Òòfà kékeré róbótó kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń yọ lára àpò fóònù tó ti bàjẹ́, wọ́n rán an mọ́ aṣọ dáadáa. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ òòfà náà lára. Àwòrán mi ló wà lórí bébà náà, pẹ̀lú aṣọ oyè àti fìlà onígun mẹ́rin, èyí tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "FÌLÀ ÒÒFÀ. Ó ń pe ọlọ́dẹ ẹ̀jẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Dókítà fọwọ́ sí i." Wọ́n tún kọ ọ́ ní Faransé àti ní Hausa, kí ó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò gbọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Maourey. Kì í ṣe fìlà nìkan. Búbù ti àwọn obìnrin wà, òòfà wà ní àyà rẹ̀. Ṣòkòtò wà fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn tó sì dá mi mọ̀ láti inú àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní Zarma, "Fofo, fofo," wọ́n ń yà fún mi kọjá bíi pé èmi ni mo ni ilé náà.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ìyàwó wa! Ẹ fún Dókítà lómi. Jókòó."

"Mi ò jókòó, sà. Aṣọ yìí kò lè wo àrùn kankan."

Kò bínú. Ó gbé ìka kan sókè. "Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà, sà."

"Òòfà ń fa irin àbí kì í fà á?"

"Ó ń fà á, ṣùgbọ́n—"

"Ta ló sọ ọ́ fún ta? Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ ni?"

"Irin inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, sà. Òòfà yìí kò rí i fà. Tó bá ń fà á ni, gbogbo àwọn tó ń tún rédíò ṣe lójú títì yìí ì bá ti lẹ̀ mọ́ ẹrù wọn. Ọlọ́dẹ ní láti kọ́kọ́ jẹ irin mìíràn kí òòfà tó mọ̀ ọ́n."

Alhaji fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó ní láti jẹ irin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ pé ó ku nǹkan kan."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, fìlà kọ̀ọ̀kan ti ní páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa ni, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn aláboyún. Mo tún sáré padà lọ. Mo ní kì í ṣe irin tí èèyàn ń fi omi gbé mì nìyí, pé èérún tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀púpọ̀.

"Báwo ló ṣe kéré tó?"

"Ojú kò lè rí i, sà."

"Kò lè rí i rárá?"

"Rárá, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tiẹ̀ fi mẹ́tà àǹkárá mẹ́ta ta mí lọ́rẹ, mo sì kọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo tún fi máa dé ibẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ti kúrò. Ọ̀rá pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń fi síbẹ̀, tí wọ́n fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa, tí wọ́n sì kọ "Èérún irin tí ojú kò lè rí" sí lára. Mo fa ọ̀kan ya níwájú rẹ̀. Òfìfo ni.

"Kí lo rí?" ni Alhaji bi mí.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ náà kọ́ yẹn?"

Mo lọ sílé. Mo ti rí i pé gbogbo àtúnṣe tí mo bá ṣe, ńṣe ló ń mú ọjà Alhaji dára sí i. Bí mo bá tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò lè kọ ìwé lórí rẹ̀.

Kí n má parọ́, ohun mìíràn tún wà tó pa mí lẹ́nu mọ́. Lọ́sẹ̀ kan náà, mò ń kọ lẹ́tà sí àjọ kan lókè òkun, mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́ kí n lè padà sẹ́nu ìwádìí mi. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà yóò yí ìtọ́jú jẹjẹrẹ padà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà láìpẹ́. Ọkọ mi yọjú lẹ́yìn mi, ó kà á. Ó ní, "Ìwọ àti Alhaji, ta ló kọ́ ta?" Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ni mo pa "láìpẹ́" rẹ́. Mo fi "láìpẹ́ púpọ̀ jù" sí i, mo tún pa ìyẹn náà rẹ́.

Ìyá kan tó ń ta léèsì wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí ti Alhaji. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, wọ́n sì ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Niamey, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọmọ náà ló kọ ọ̀rọ̀ ara bébà yẹn. Yorùbá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n eléyìí tó kọ yìí dán gan-an. Màmá kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìlà iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á ká ọwọ́ lé itan, wọ́n á máa gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wednesday kan, Màmá wọ takisí wá sí Bobiel. Àwọn nìkan ni. Mo fún wọn lómi, a kí ara wa, a kí ilé, a kí ọjà, a kí ooru. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, níbo gan-an lèèyàn ń gbé òòfà yìí sí? Mo gbé e sókè, mo gbé e sísàlẹ̀. Ọlọ́dẹ yìí kò tíì débẹ̀."

"Débo, mà?"

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbé búbù wọn sókè. Wọ́n ti tú òòfà náà kúrò ní ibi tí Alhaji rán an sí, wọ́n fi òwú pupa rán an mọ́ inú kọ́mú wọn, lọ́wọ́ òsì. Mo fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó le bíi kóró dàbínù, ṣùgbọ́n ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tì í.

Mo ní, "Ó ti tó ìgbà wo, mà?"

"Ṣáájú ààwẹ̀ ni. Mo ti pinnu pé bí a bá ti ṣọdún tán, màá lọ sí ọsibítù. Ìgbà yẹn lo wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Mo ní, kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀, nígbà tí ọmọ wa ti mú un wá bá wa nílé?"

Mo jókòó sílẹ̀, sórí ẹní, níwájú wọn. "Màmá, eku ni."

"Eku wo?"

"Eku ni a fi dán an wò. Mi ò tíì fi ṣe èèyàn rí. Òòfà tí a lò kì í ṣe irú èyí, ọlọ́dẹ náà sì ti jẹ irin kí a tó dá a padà sára. Èyí tí ẹ rán mọ́ aṣọ yìí kò lè pe ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ń tún búbù wọn ṣe, díẹ̀díẹ̀. "Alhaji ò sọ ti eku."

"Èmi náà ò sọ ọ́ sókè, mà."

Mo rò pé wọn yóò bú mi, mo sì ń retí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn eku náà ńkọ́, ṣé wọ́n yè?"

"Àwọn kan yè, mà. Àwọn kan kò yè."

Ọjọ́ kejì la lọ sí ọsibítù, Màmá, ọmọ wọn, àti èmi. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin Zarma kan tí kò ga, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí Màmá bọ́ gbogbo ohun tó jẹ́ irin kúrò lára kí wọ́n tó ya àwòrán. Màmá yọ yẹtí, wọ́n yọ ẹ̀gbà ọwọ́, wọ́n wá bọ́ kọ́mú, wọ́n gbé e sórí tábìlì onírin tó wà níbẹ̀. Ó dún gbà! Ó lẹ̀ mọ́ tábìlì. Nọ́ọ̀sì fà á, kò ṣí. Dókítà fúnra rẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, òòfà já kúrò lára aṣọ, bébà ara rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, nítorí Màmá kò ya á. Wọ́n rò pé ara oògùn ni. Dókítà gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á ní Faransé. Ó wo àwòrán, ó wo èmi.

"Ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

"Fọ́tò náà dára," ni ó wí.

Ọmọ Màmá tẹ orí ba. Èmi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Dókítà bi mí pé ọlọ́dẹ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀ yìí. Mo sọ orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà gan-an fún un, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ti kà nípa iṣẹ́ èérún náà, pé ó jọ òun lójú. Ó wá fi òòfà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Kí tiyín tó dé ọ̀dọ̀ wa, docteur, ohun tí èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí àwọn obìnrin tètè wá. Èyí kò nílò èérún kankan." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Jẹjẹrẹ ni. Kò tíì rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n gé ọmú òsì Màmá, wọ́n sì fún wọn ní oògùn tó kó gbogbo irun wọn lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ni mò ń túmọ̀ Faransé àwọn oníṣègùn fún wọn, nítorí ọmọ wọn máa ń sunkún sáàárín gbólóhùn. Mo kọ́ Faransé dáadáa láàárín àwọn oṣù yẹn ju bí mo ṣe kọ́ ọ láàárín ọdún mẹ́ta lọ.

Mo bẹ Alhaji pé kí ó fún mi ní àyè ní ìpàdé kí n lè tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ó gbà tayọ̀tayọ̀, ó sì fi mí sí ìsàlẹ̀ ètò, lábẹ́ ọ̀rọ̀ àga tí kò tíì padà. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní mo ṣe àṣìṣe. Mo ní eku ni. Mo sọ "eku" ní Yorùbá, ní Hausa, àti ní Faransé, mo sì fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ ìrù. Mo ní aṣọ òòfà kò wo nǹkan kan, ọ̀rá yẹn sì ṣófo.

Alhaji dìde lẹ́yìn mi, ojú rẹ̀ kún fún ìfẹ́. "Ẹ ò rí ìwà ìrẹ̀lẹ̀! Bí ọ̀mọ̀wé tòótọ́ ṣe máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí Màmá nawọ́. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí wọn kí wọ́n nawọ́. Wọ́n dìde jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Mo wọ òòfà yìí fún oṣù kan àtààbọ̀. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló ń fà wá. Ó gún mi lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ìborùn wọn sílẹ̀, gbogbo wa sì rí orí wọn tó dán. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà òsì. "Ẹ̀gbẹ́ yìí ti lọ. Nǹkan náà wà níbẹ̀, ó ń dàgbà, èmi ń wo ọ̀nà fún ọlọ́dẹ. Dókítà ọsibítù ní ká ní mo tètè wá ni, iṣẹ́ rẹ̀ ì bá kéré. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ máa fọwọ́ wo ara yín. Mò ń lọ sọ́dọ̀ dókítà náà lọ́jọ́ Tuesday. Ta ló ní nǹkan kan tí kò yé e, tó fẹ́ bá mi lọ?"

Ọwọ́ kan wá gbéra lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n to aṣọ sí. Ìyàwó Alhaji ni.

Mi ò gbàgbé ojú Alhaji lọ́jọ́ náà. Ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ ní èdè kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbọ́, kò sì rí èyí tó bá a mu. Ó jókòó. Àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn nawọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Akọ̀wé ń kọ orúkọ wọn.

Ní ọjọ́ Tuesday náà, ọkọ̀ Alhaji ló gbé gbogbo wa, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà á. A sọdá odò lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n yẹ ìyàwó rẹ̀ wò tán, tí dókítà ní kókó wàrà lásán ni, pé kò sí nǹkan tó burú, Alhaji jáde lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní iyanrìn ni. Kí á tó délé, ó ti tún ara rẹ̀ rí: ó ti sọ ìrìn àjò náà ní Ètò Ìlera Alága, ó sì ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kò bá a jiyàn. Oṣooṣù ni ọkọ̀ náà ń gbé àwọn obìnrin lọ báyìí, bí ó bá sì wù ú, kí ó sọ ọ́ lórúkọ bàbá rẹ̀.

Ó tú gbogbo òòfà náà kúrò lára aṣọ, ó tà wọ́n fún àwọn télọ̀, tí wọ́n ń fi ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Télọ̀ tó ń rán aṣọ mi ní òun kò rí ohun tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tóun ti ń ránṣọ. Àwòrán mi ṣì wà lára tirẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ya á kúrò, ó ní rárá, pé ó ń jẹ́ kí òun mọ èyí tó jẹ́ tòun.

Irun Màmá ti ń hù padà, ó funfun báláú, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn àyẹ̀wò, a jọ dúró létí títì ní Lamordé, níwájú ọsibítù, à ń retí takisí. Àwọn obìnrin kan ń bu omi sí àlùbọ́sà létí odò. Màmá ní kí n tún ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ yẹn sọ fún àwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má fi adùn kankan kún un. Mo sọ ọ́. Mo sọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti ṣiṣẹ́, àwọn eku tó yè àti àwọn tí kò yè, ohun tí a kò mọ̀, tó pọ̀ gan-an. Ó gba àkókò. Takisí méjì kọjá.

"Ẹ ṣì ń wá a nìyẹn," ni wọ́n wí nígbà tí mo parí.

"A ṣì ń wá a, mà."

Wọ́n mi orí. Takisí kẹta dúró, Màmá sì tẹ̀ síwájú, wọ́n fi Zarma bá awakọ̀ náà jà nípa iye tó pè, ó gbà fún wọn, wọ́n sì wọ iwájú jókòó.